Ọ̀tan Ayégbajú: Agboòrùn Pọ̀, Oníbàárà Ò Pọ̀ Tó Bẹ́ẹ̀

Ẹni tó bá ń lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú, òkè ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, mọ́tò á gùn títí, á tún máa sọ̀. Òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró. Kò jìnnà sí Ìgbájọ, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì. Ogun yẹn ti parí tipẹ́. Èyí tó kù báyìí ò ní ìbọn, abẹ́ agboòrùn ni wọ́n ti ń jà á.

Agboòrùn àwọn oní-POS ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń wá gba owó oṣù, tíṣà ń wá gba tiẹ̀, bàbá oníkòkó ń bọ̀, àwọn ìyá arúgbó náà ń bọ̀ wá gba ohun tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ẹ óò rí agboòrùn kan níhìn-ín, ẹ óò rí òmíràn kí ẹ tó rìn jìnnà. Ṣé gbogbo wọn ló ń jẹun níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dúró ná.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká GSM ní Nàìjíríà. Ayé dùn fún wọn nígbà náà, nítorí àwọn tó ń bá wọn du ọjà kò pọ̀. Síìmù lásán wọ́n ju owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré lọ. Ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bí àádọ́ta náírà. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú kan pẹ́nrẹ́n, owó ìṣẹ́jú méjì ni wọn yóò gbà. Ta lo fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Ìgbà yẹn ni agboòrùn kọ́kọ́ jáde ní ìgboro gbogbo. Obìnrin tó bá rí owó ra fóònù kan á gbé tábìlì síta, á kọ iye owó ìṣẹ́jú sára páálí, àwọn èèyàn á sì tò síwájú rẹ̀. Ẹni tó ń pe ọmọ ń wo aago, ẹni tó ni fóònù náà ń wo aago. Nínú ìlú olókè bí èyí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa yan ibi tó bá wù ú. Ẹni tí tábìlì rẹ̀ bá bọ́ síbi tó ti ń mú dáadáa ló ni oníbàárà. Kò sí pé ó ń kí ènìyàn káàárọ̀, bó fẹ́ kó fajú ro, wọn yóò ṣáà dúró.

Nígbà tó di 2003, Glo dé. Ó ní iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ènìyàn bá lò ni òun yóò gba owó rẹ̀. Àwọn tó wà nílẹ̀, tí wọ́n ti ń ní kò tíì ṣeé ṣe, ni wọ́n yára ṣe é! Etisalat tún dé ní 2008. Econet ní tirẹ̀ ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni ń wá orúkọ tí yóò dá àbíkú dúró: Vmobile, Celtel, Zain, kó tó di Airtel ní 2010. Síìmù tó ti gbówó lórí tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń pín lójú pópó. Ní 2013, wọ́n gba oníbàárà láyè láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ míràn.

Oníbàárà jọlá, ṣùgbọ́n ohun tó mú inú oníbàárà dùn yìí gan-an ló gba oúnjẹ lẹ́nu obìnrin abẹ́ agboòrùn. Nígbà tí ìyá aláta náà ti ní fóònù tirẹ̀, ta ni yóò tún wá tò? Wọ́n bá yíjú sí káàdì ìpè. Káàdì ọgọ́rùn-ún náírà, ọgọ́rùn-ún náà ni níbi gbogbo, èrè orí rẹ̀ ò ju ẹnu ẹyẹ lọ. Kò pẹ́ ni àwọn èèyàn ń ra káàdì látinú fóònù wọn. Àwọn kan palẹ̀ mọ́, wọ́n bá iṣẹ́ míràn lọ. Àwọn tó dúró ló di oní-POS.

Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀tan ti rí irú èyí rí, lórí kòkó. Títí di 1986, Kókó Bọ́ọ̀dù ló ń dá iye lé e. Nígbà tí ìjọba tú u ká lọ́dún náà, olùrà pọ̀ bí eṣú. Oníkálukú ń sáré kí ẹlòmíràn má rà á tán, wọn ò bìkítà bóyá ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Àgbẹ̀ rí owó gọbọi gbà, àmọ́ kòkó Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ burúkú lókè òkun. Ìfigagbága ò fi dandan mú kí ọjà dára, ohun tí wọ́n bá ń figa gbága lé lórí ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ní ti POS, ìgbà tó dùn jù ni ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí náírà bébà wọ́n nítorí pé báńkì àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó. Káàkiri Nàìjíríà, àwọn kan gba igba náírà, àwọn kan gba ọ̀ọ́dúnrún, lórí ẹgbẹ̀rún kan ṣoṣo! Oníbàárà san án, kò sì gbàgbé ẹni tó gbà á.

Ní báyìí ńkọ́? Ṣáájì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Ẹni tó bá dín in kù, aládùúgbò rẹ̀ á dín in kù kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn méjèèjì á wá jọ pàdánù. Ohun tí wọ́n fi ń du oníbàárà ti di nǹkan míràn. Ta ló máa ń ní owó nílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà? Ta ló ní ṣẹ́ńjì? Bí owó bá kúrò nínú àkáǹtì tí ẹ̀rọ ò sì sanwó, ta ni yóò kọ orúkọ ẹni náà sínú ìwé, tí kò ní í sọ pé "ẹ lọ bá báńkì yín"?

Èyí tó gbẹgẹ́ jù ni ti àwọn arúgbó tí kò mọ̀wé. Ìyá á na káàdì síni, á sì pe nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé gbọ́. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ á ní "Ìyá, ẹ rọra, ẹ fẹnu bò ó." Á di ìka ìyá náà mú, á jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ka owó lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́wọ́. Ó pẹ́ o, ẹni tó ń kánjú lẹ́yìn á máa pòṣé. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kò tún ní í lọ síbòmíràn mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ l'Èkó náà á sì máa ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni kẹ́ ẹ ti gbà á o."

Síbẹ̀, èrè ò tó. Ẹ wo orí tábìlì wọn dáadáa. Ẹ̀rọ POS ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọṣẹ ìfọṣọ, Maggi, ìṣáná àti omi inú ọ̀rá ló gba ìyókù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, àwọn kan á ká agboòrùn wọn. Àwọn míràn á tan iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jókòó, nítorí tíṣà kan lè ṣì wá gba ẹgbẹ̀rún méjì, kó sì ra ọṣẹ kan mọ́ ọn.