Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, alùpùpù Honda àtijọ́ ni mo ń gùn ní Onitsha. Nígbà tí kábúrétọ̀ rẹ̀ ń jò, wọ́n ní kí n lọ ra tuntun ní Nnewi. Mo kọ̀.

Nínú kábúrétọ̀, ohun kan ń léfòó. Bí epo bá ti tó, yóò fi abẹ́rẹ́ dí ojú ihò. Bí ìdọ̀tí bá há síbẹ̀, tàbí tí ẹnu abẹ́rẹ́ jẹ, epo yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Mo ti epo táńkì, mo jìnnà sí iná, mo tú u. Mo mi èyí tí ń léfòó: kò dún, epo kò wọnú rẹ̀. Yanrìn bíńtín ni mo bá lẹ́nu abẹ́rẹ́. Mo fọ̀ ọ́, jíjò dá.

Owó kábúrétọ̀ di owó ìdánwò. Ẹ wádìí àrùn kí ẹ tó ra oògùn.