Kí Lẹ Ń Fi Ọkọ̀ Yìí Kó?

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ni ìdí wọn máa ń ga ju iwájú lọ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ford F-150 tàbí Toyota Tacoma tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ ó rí i pé ó dorí kodò díẹ̀ bí àgbò tó fẹ́ kàn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti ro ẹrù mọ́ ọn: bí yanrìn tàbí sìmẹ́ǹtì bá dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ìdí á rọlẹ̀, iwájú àtẹ̀yìn á wá dọ́gba. Àmọ́ ní Houston tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹrù tí ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ń gbé kò ju ọ̀rá ọjà mélòó kan lọ. Ìdí ọkọ̀ kò rọlẹ̀ rí, ojú ẹni tó ni ín kò sì gbà á. Á ní kí wọ́n bá òun gbé iwájú sókè kó bá ẹ̀yìn dọ́gba, kí wọ́n sì wá táyà gìrìwò sí i. Èròjà tí wọ́n fi ń gbé e sókè ni wọ́n ń pè ní leveling kit. Kíìtì lásán là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ń san owó ilé wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá tó kọ́ mi. Muṣin ló ti kọ́ mẹkáníìkì kó tó rékọjá sí Texas. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, kò jìnnà sí òpópónà Bissonnet níbi téèyàn ti lè jẹ iyán ọ̀sán kó tún padà wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Èmi náà ti di sípánà mú nÍbàdàn, kì í ṣe pé mi ò mọ ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀ sí sàlẹ́ńsà. Ohun tó ṣàjèjì sí mi ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ tí kò ní àrùn kankan wá, ọkọ̀ tí ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀, kí wọ́n ní ká tú u. Nílé, ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe.

Ọ̀gá kì í sáré fọwọ́ kan irinṣẹ́. Oníbàárà á dé, á ní òun ń fẹ́ íǹṣì 3 níwájú àti táyà tó ga ní íǹṣì 35. Èdè yòówù kí oníbàárà gbọ́, ìbéèrè kan náà ló máa kọ́kọ́ bá pàdé: "Kí lẹ ń fi ọkọ̀ yìí kó?" Ẹni tó bá ní òun kì í kó nǹkan kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yá. Ẹni tó ń fa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Galveston lópin ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń kó jẹnẹrétọ̀ àti bíríkì, ọ̀gá á jókòó tì í. Á ṣàlàyé pé gíga tó wà ní ìdí yẹn, àyè ẹrù ni. Bí a bá ti gbé iwájú bá a, tí ẹrù sì wá tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, imú ọkọ̀ á máa wòkè. Táyà iwájú á fúyẹ́ nílẹ̀, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́, iná iwájú á sì máa wọ ojú àwọn tó ń bọ̀ lódìkejì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí imú ọkọ̀ ṣe ń wòkè gan-an ló wù wọ́n, wọ́n tún ń rẹ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kún un. Ó gba ìgboro kan débi pé láti oṣù Kejìlá 2021, North Carolina ṣòfin pé fẹ́ńdà iwájú kò gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 4 ga ju ti ẹ̀yìn lọ. Virginia tẹ̀ lé e ní 2022, South Carolina ní 2023. Ọ̀gá mi kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn, iye yòówù kí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Mo ti rí i tó dá owó padà lórí rẹ̀.

Wíwọn ọkọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Mo mú tépù, mo fẹ́ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà. Ọ̀gá ní: "Àbúrò, kúrò nílẹ̀. Táyà tó dẹ̀ á purọ́ fún ẹ." Àárín gbùngbùn táyà, níbi tí ìdérí rímù wà, ni a ti ń wọ̀n ọ́n lọ sókè dé etí fẹ́ńdà. Ibẹ̀ kò mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ táyà pé tàbí kò pé, bí a bá sì pààrọ̀ táyà pàápàá, òǹkà náà ṣì wúlò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń wọ̀n, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó tú nǹkan kan, nítorí ọkọ̀ mìíràn wà tí apá òsì rẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ kó tó dọ́dọ̀ wa, oníbàárà kò sì ní í mọ̀ àfi lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dá ẹnì kan lẹ́bi.

Kíìtì tí a ń lò jù, irin rìbìtì kan ni, alumíníọ́mù tó nípọn. Orí ṣọ́ọ̀kì ló ń jókòó sí, láàárín òun àti ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti ń de mọ́ ṣáńṣì. Ìṣirò rẹ̀ ló rú mi lójú. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé yóò gbé ọkọ̀ sókè ní íǹṣì 2, irin tó wà nínú páálí náà kò sì ju íǹṣì kan lọ. Ọ̀gá fa páálí náà ya, ó mú bírò, ó ya áàmù ìsàlẹ̀ fún mi. Ìpẹ̀kun kan rẹ̀ so mọ́ ṣáńṣì, ìpẹ̀kun kejì ló gbé táyà, ṣọ́ọ̀kì sì wà ní nǹkan bí àárín méjèèjì. Bí a bá ti àárín yẹn sísàlẹ̀ ní íǹṣì kan, ìpẹ̀kun tí táyà wà á lọ sísàlẹ̀ ní bí íǹṣì 2. Látìgbà yẹn ni mo ti ń fojú mìíràn wo iṣẹ́ náà. A kò fi kún ọkọ̀ lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ là ń nà sísàlẹ̀, gbogbo ohun tó so mọ́ ẹsẹ̀ yẹn ló sì máa bá a nà: họ́ọ̀sì búréèkì, wáyà ABS, bóòlù jọ́ìntì òkè, àti ṣáàfù tó ń yí táyà iwájú bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Gbogbo ohun tí mo wá kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, inú àwòrán ara páálí yẹn ló ti wá.

Kíìtì mìíràn wà tó jẹ́ pé abẹ́ sípíríìngì fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀. Èyí gba pé ká fún sípíríìngì pọ̀ ká tó tú orí ṣọ́ọ̀kì. Agbára tó wà nínú sípíríìngì tí wọ́n fún pọ̀ lè pa èèyàn bó bá já. Ọ̀gá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án fún ìgbà pípẹ́, nígbà tó sì gbà, ó ní n kò gbọ́dọ̀ dúró sí ọ̀kánkán orí rẹ̀. Ti Chevrolet Silverado 2500HD tún yàtọ̀, nítorí ọ̀pá irin gígùn tó ń lọ́ ló fi ń gbé iwájú, kì í ṣe sípíríìngì. Irin kékeré tó di ìdí ọ̀pá náà mú là ń pààrọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ ti ń fi ẹni tó mọṣẹ́ hàn ni bóòlù jọ́ìntì òkè. Imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, inú knuckle, ìyẹn irin tó gbé táyà dání, ló há sí, ọdún bíi mélòó kan ló sì ti fi há síbẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tó ní ẹnu méjì, tí wọ́n ń gbá wọ àárín láti fi yọ ọ́. Ó ń yọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fa rọ́bà tó bo gírísì rẹ̀ ya. Òòlù ni ọ̀gá mi ń lò. Á tú nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi ku ojú òwú díẹ̀, kò ní yọ ọ́ tán. Á wá fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ knuckle gan-an, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bóòlù jọ́ìntì á sì jábọ́ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ já lulẹ̀ lójijì. Ìró rẹ̀ máa ń yí padà bó bá ti bọ́. Mo wá dẹni tó ń fi etí mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Bó bá ti bọ́, knuckle kò gbọ́dọ̀ so rọ̀ síta. A ó ti yọ ìdè họ́ọ̀sì búréèkì àti ti wáyà ABS ṣáájú, a ó sì fi okùn de knuckle mọ́ òkè. Ẹni tó bá jẹ́ kó ṣubú síta lè fa ṣáàfù yọ kúrò nínú ihò rẹ̀ níhà inú. Iṣẹ́ wákàtí méjì á wá di ti ọjọ́ kan.

Ohun kan tún wà tí mo ti rí i tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó lórúkọ pàápàá ń fò. Rọ́bà bọ́ṣìn ló wà nídìí áàmù. Bí a bá de bóòtù rẹ̀ pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, rọ́bà náà á há sí ipò yẹn. Tí ọkọ̀ bá wá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà á lọ́, á sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí láé. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa han, tí yóò sì ya. Nítorí náà, a ó kàn de bóòtù áàmù díẹ̀ lókè, ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, a ó mì í, ìgbà tí ìwọ̀n ara rẹ̀ bá ti wà lórí táyà la ó tó dè é tán. Ó ń béèrè pé kéèyàn rá kòrò wọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì nínú ooru oṣù Kẹjọ ní Texas, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń fò ó.

Nípa táyà, ìṣirò ni mo kọ́ jù. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: 265/70R17. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 265, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ìbú yẹn, rímù rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 17. Tí ẹ bá ṣe é pọ̀, táyà náà ga ní mílímítà 803. Táyà 285/70R17 tí àwọn oníbàárà ń pè ní 33 ga ní 831. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 28, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré, mílímítà 14, ló máa kún àlàfo abẹ́ ọkọ̀, nítorí ìdajì yòókù orí táyà ló wà. Àwọn èèyàn máa ń bínú sí ìṣirò yìí. Wọ́n rò pé táyà ni yóò gbé ọkọ̀ wọn ga fíofío.

Táyà tó tóbi sí i tún ń parọ́ fún aago eré. Láti 265 sí 285 yẹn, tí aago bá ka máìlì 60 ní wákàtí, 62 lọkọ̀ ń sá. Ẹni tó kúrò lórí 275/65R18 tó lọ fi 35 sí i, bí aago rẹ̀ bá ka 60, nǹkan bí 65 ló ń sá, ọlọ́pàá kò sì ní gba àlàyé táyà lọ́wọ́ rẹ̀. A máa ń tún aago yẹn tò. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ táyà náà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú rímù tuntun, torí òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti oṣù Kẹsàn-án 2007. Ọkọ̀ ìsinsìnyí tó ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì iwájú tún gba pé kí wọ́n tún ojú kámẹ́rà náà tò.

Lẹ́yìn tí táyà bá wọlé, a ó lọ́ sítíárìn dé òpin lápá kan, dé òpin lápá kejì, a ó lọ síwájú, a ó tún lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn yìí ló máa ń tú àṣírí. Táyà tí kò kan nǹkan kan nígbà tí ọkọ̀ ń lọ síwájú lè máa ha rọ́bà fẹ́ńdà bó bá ń padà sẹ́yìn. Níbi tó bá ti kan rọ́bà nìkan, a ó fi ẹ̀rọ amúgbóná rọ̀ ọ́, a ó tì í sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ irin ló kàn, táyà yẹn ti tóbi jù nìyẹn, kò sí ọgbọ́n kankan.

Àlàímẹ́ǹtì ló kẹ́yìn. Ọmọ Mẹ́síkò kan ló ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti nà, igun tí táyà fi dúró ti yí padà. Orí rẹ̀ lè tẹ̀ síta, iwájú táyà méjèèjì lè máa wo ara wọn tàbí kí wọ́n máa kọ ẹ̀yìn síra wọn. Oníbàárà kò ní í rí i lọ́jọ́ náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan táyà olówó gọbọi ti jẹ tán. A ó wá rẹ iná iwájú ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ògiri kó tó jáde, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe.

Nọ́ọ̀tì táyà nìkan ló kù, òun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. F-150 tó jáde láti 2015 ń fẹ́ 150 pound-feet, Tacoma ìran kejì àti ìkẹta kò ju 83 lọ. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dè é parí. Torque wrench ni, ní àgbélébùú, kì í ṣe ní yíyípo.

Mo ń rí i báyìí pé àwọn tó ni Hilux nílé náà ti ń gbé iwájú rẹ̀ sókè. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yín bá ń kó sìmẹ́ǹtì tàbí ìrẹsì, ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é. Bó bá sì di dandan, ẹ má ṣe ju íǹṣì 2 lọ, bí ẹ bá pààrọ̀ táyà, ẹ wá ẹ́kísírà táyà tó bá mẹ́rin yòókù dọ́gba, ẹ má sì sanwó tán fún mẹkáníìkì tí kò bá lọ́ sítíárìn dé òpin lójú yín, tí kò sì gbé ọkọ̀ lọ fún àlàímẹ́ǹtì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á tó kìlómítà 80 sí 160, ẹ padà lọ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì gbogbo táyà dè. Àwa kì í gba kọ́bọ̀ fún ìyẹn.