Ní Etíkun Grand-Popo

Láti Kútọnu, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Grand-Popo. Ní oríta, mo gun alùpùpù tí wọ́n ń pè ní zémìjàn, ‘gbé mi kíákíá’ ní èdè Fọ̀n. (Orúkọ náà kò bá ìlú náà mu rárá, kò sí ẹni tí ń kánjú níbẹ̀.) Yàrá olówó pọ́ọ́kú ni mo gbà, tòun ti àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó ti ya.

Ní òwúrọ̀, mo bá àwọn apẹja fa àwọ̀n wọn gòkè. Wọ́n fún mi ní ẹja lọ́fẹ̀ẹ́. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ìṣòwò àti ibùgbé ìlú àtijọ́ mì. Àgbàlagbà kan ń sọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ní èdè Gẹ̀n; ọ̀rọ̀-ìṣe ‘kú’ kò nílò ògbufọ̀, ó jọ tiwa gẹ́lẹ́. Mo bèèrè ibojì. Ó na ìka sí ojú omi, níbi tí ìgbì ti ń hó.