Kí Ayàwòrán Ké Àgò: Ọ̀rọ̀ Fóònù Nínú Ilé Eré Ìdárayá

Kí àlejò tó wọ ilé onílé nílẹ̀ Yorùbá, yóò kọ́kọ́ ké àgò. Bí onílé kò bá dáhùn pé àgò yà, ẹnu ọ̀nà ni àlejò yóò dúró sí. Kì í ṣe pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn lè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyọ̀ǹda ni àlejò ń dúró dè. Ìwà yìí ni ó fẹ́ di àwátì lọ́wọ́ àwọn tí ń fi fóònù yàwòrán nínú ilé eré ìdárayá.

Ní oṣù keje ọdún 2016, ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, Dani Mathers, obìnrin kan tí àwòrán rẹ̀ máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn, wà nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ilé eré ìdárayá kan. Ìyá àgbà ẹni 70 ọdún kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí aṣọ lára rẹ̀. Mathers ya ìyá náà láì jẹ́ kí ó mọ̀, ó sì gbé àwòrán náà sí orí Snapchat pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn. Nígbà tí ariwo sọ, ó tọrọ àforíjì. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, pé òun ṣèèṣì gbé e síta ni.

Àwáwí yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìgbà tí àwòrán dé ojú ayé ni ẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ California kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ya ẹlòmíràn ní bòókẹ́lẹ́ níbi tí ènìyàn ti ń bọ́ṣọ, pẹ̀lú èrò àtitojú bọ àṣírí rẹ̀, ti rú òfin, ì báà má fi han ẹnikẹ́ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Mathers kò jiyàn ẹ̀sùn náà mọ́. Ilé ẹjọ́ ní kí ó fi ọjọ́ 30 nu ọ̀dà tí àwọn ènìyàn kùn sára ògiri ìgboro, ó sì fi í sábẹ́ àmójútó fún ọdún 3. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán ìyá yẹn.

Ẹjọ́ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ rọrùn láti dá. Gbọ̀ngàn tí a ti ń gbé irin ni ó le. Ẹni tí ó ń ya ara rẹ̀ níbẹ̀ lè fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ nígbà tí ó gbé irin, tàbí kí ó fẹ́ fi han olùkọ́ rẹ̀. Èyí kò burú. Àmọ́ dígí yí ògiri ká, ẹni tí ń làágùn lẹ́yìn sì lè bá a wọnú fọ́nrán láì mọ̀. Níbẹ̀, òfin onílé ni a kọ́kọ́ ń wò: àwọn kan ka kámẹ́rà léèwọ̀, àwọn mìíràn ní kí a gbàṣẹ.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà náà kò dákẹ́. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè. Lábẹ́ òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023, àwòrán tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀ jẹ́ ìsọfúnni nípa ẹni náà. Ilé eré ìdárayá tí ó bá fẹ́ fi ojú oníbàárà polówó ní láti ní ìdí tí òfin gbà; kí ó gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ni ó dára jù.

Síbẹ̀, ọmọlúàbí kì í dúró de ọlọ́pàá. Kí fóònù wà nínú àpò ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Nínú gbọ̀ngàn, kí a kọ kámẹ́rà sí ògiri tí kò ní dígí, kí a sì pa fọ́nrán tí ojú ẹlòmíràn bá wọ̀ rẹ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí a bi ẹni tí ó wà lẹ́yìn léèrè kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá kọ̀, kí a gbé kámẹ́rà kúrò. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.