Kòtò Àdúgbò Wo Ni Ẹ̀rọ Ń Kà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àṣà lójú títì wa. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, awakọ̀ á já ewé tútù, á tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ náà, kí ẹni tó ń bọ̀ lè tètè tẹ bíréèkì. Àìmọye ìgbà ni mo ti wọkọ̀ kọjá irú ewé bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ẹni tó já wọn.

Àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra wọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fura sí bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Bí táyà kan bá ń yí ju àwọn yòókù lọ, tàbí tó dúró gbagidi nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, a jẹ́ pé ilẹ̀ ń yọ̀. Ilé iṣẹ́ Volvo kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí ní Sweden àti Norway, níbi tí yìnyín ti máa ń bo títì. Ọkọ̀ tó bá yọ̀ á fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ìkìlọ̀ á sì tàn níwájú àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọdún 2019, wọ́n mú un gbòòrò dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù.

Ti kòtò náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ láti MIT ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ sínú takisí 7 ní agbègbè Boston. Ẹ̀rọ kan ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń jó sókè sódò, GPS sì ń sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ náà gba sùúrù, nítorí pé ojú irin àti ìdérí irin àárín títì lè jọ kòtò lójú ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìlú Boston gbé ètò Street Bump jáde, èyí tó sọ fóònù inú ọkọ̀ di olùṣọ́ títì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ ní kọ́ńdọ́ nínú. Kòtò tí ẹni tó ní ọkọ̀ àti fóònù ìgbàlódé bá gbà kọjá nìkan ni yóò hàn. Àdúgbò àwọn tálákà àti àwọn arúgbó, níbi tí irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò ti wọ́pọ̀, lè dà bí ibi tí títì ti dán, nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ka kòtò ibẹ̀ ni. Àwọn aláṣẹ fura sí ewu yìí. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tó ń yẹ títì wò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ètò náà sí, torí pé àwọn wọ̀nyí ń dé gbogbo àdúgbò.

Ohun tó jẹ mí lógún nìyẹn. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé Èkó tàbí Ìbàdàn, tí a fi í sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ tuntun nìkan, títì Ìkòyí àti Bódìjà ni yóò máa ké gbàjarè, ọ̀nà Àjẹgúnlẹ̀ àti ti àwọn abúlé yóò dákẹ́. Ìjọba yóò sì wo ìdákẹ́ yẹn bí àlàáfíà, owó àtúnṣe yóò gba ibòmíràn lọ. Nítorí náà, dánfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà sí. Àwọn ló ń jìn sí kòtò jù, àwọn ló sì mọ ibi tó wà.