Ìdí Agolo

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ń di gàrí sínú àpò de ọjà Pobè tó máa ná lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mọ́kànlá, jókòó tì mí. Wọ́n ti sọ ìtàn Sákéù fún wọn láàárọ̀, ọ̀gá agbowó-òde tó gun igi síkámórè, tó sì ṣèlérí fún Jésù pé ohun tí òun bá fi èrú gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìlọ́po mẹ́rin lòun máa fi san án. Ọmọ yìí mú agolo tí mo fi ń wọn gàrí, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ níbi tó ti wọnú. Ó ní, "Màmá, tó bá jẹ́ àwa ni, agolo mélòó la máa san?"

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ń ṣírò ni.

Ẹni tó kọ́ mi ní òwò gàrí ló fún mi ní agolo yẹn lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé tí gàrí bá ti wà níbẹ̀, ojú kò lè rí i. Ọ̀gá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń bọ́ opó, bí ara ọmọ oníbàárà rẹ̀ kò bá sì yá, á fi owó oògùn sí ìyá ọmọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irú agolo bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká ń lò, ẹni tí kò bá lò ó, wọ́n á ní kò tíì gbọ́n. Ogún ọdún ni mo fi lò ó, tí kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kàn án.

Bẹ́ẹ̀ mo mọ Bíbélì. Mo mọ̀ pé ìwé Deuteronomi sọ ọ́ pé òṣùwọ̀n ńlá àti òṣùwọ̀n kékeré kò gbọdọ̀ jọ wà nínú ilé kan. Mo mọ̀ pé Ámósì, darandaran tó tún ń tọ́jú igi síkámórè, irú igi tí Sákéù gùn, bínú sí àwọn oníṣòwò Ísírẹ́lì tí ara wọn ń gbóná kí ọjọ́ ìsinmi tètè kọjá, kí wọ́n lè padà sídìí ọkà wọn pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó ti kéré. Mo ti fi orí yẹn kọ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa rí. Jésù fúnra rẹ̀, ojú ọjà ló ti mú ọ̀pọ̀ òwe rẹ̀. Tálẹ́ńtì tí à ń sọ bí ẹni pé ohùn orin tàbí ọgbọ́n orí ni, owó ni: tálẹ́ńtì kan jẹ́ dénárì 6,000, dénárì kan sì jẹ́ owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà. Iṣẹ́ bí ogún ọdún nìyẹn, tí ọ̀gá kan kó lé ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́ pé kó fi ṣòwò. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, agolo mi sì wà lábẹ́ tábìlì.

Lẹ́yìn ìbéèrè ọmọ yẹn, mo gbé agolo náà lọ sọ́dọ̀ jórinjórin, ó lu ìdí rẹ̀ padà. Àpò tó ń mú ogójì agolo wá tẹ́lẹ̀ di mẹ́tàdínlógójì. Ẹ lè rò pé agolo mẹ́ta kò tó nǹkan, àmọ́ èrè mi lórí àpò kan kì í ju owó agolo mẹ́rin lọ. Àfi kí n fi sẹ́fà 25 lé iye agolo kan ní gbangba. Ọjà mẹ́ta gbáko ni àwọn oníbàárà fi sá fún mi, nítorí etí ń gbọ́ iye owó, ojú kò sì rí ìdí agolo. Àwọn kan padà lẹ́yìn tí wọ́n wọ̀n ọ́n wò nílé. Àwọn mìíràn kò padà mọ́ títí dòní. Mi ò ní purọ́ fún yín pé òtítọ́ sọ mí di olówó, ìdínkù ló kọ́kọ́ dé bá mi.

Ohun tó ń dùn mí jù ni iye ọdún tí ọmọ yẹn ti fi dúró lẹ́yìn mi nídìí agolo náà. Ẹ wo orúkọ tí Bíbélì èdè wa fún ẹni tó ń tọ Jésù lẹ́yìn: ọmọ-ẹ̀yìn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹnìkan ni, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ní Pobè àti Sakété la mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà kan náà la gbà ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, iṣẹ́ mẹkáníìkì, iṣẹ́ irun dídì. Ọmọ á lo ọdún bíi mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń ṣe ìdánwò fún wọn báyìí, wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí CQP tàbí CQM, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìdánwò yẹn á bi ọmọ bí a ṣe ń gé aṣọ. Kò ní bi í léèrè ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe sí àjẹkù aṣọ tí aláṣọ kò mọ̀ pé ó ṣẹ́kù. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n, ó sì ti kọ́ ọ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sí abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sóko ọ̀pẹ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá yé mi dáadáa. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè wa níbí. Ọ̀pẹ tí gbogbo àgbẹ̀ ń wá ni tenera, tí èésan rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹyìn rẹ̀ sì kún fún epo. Láti ara méjì ni wọ́n ti ń rí i: dura, tí èésan rẹ̀ nípọn, àti pisifera, tí kò ní èésan rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò ló là á yé ayé ní 1941. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá ṣa ẹyìn lábẹ́ tenera tó dára, láàárín àwọn tenera ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹ sì gbìn ín, bí ìdajì péré ni yóò jẹ́ tenera. Ìdá kan nínú mẹ́rin á padà di dura. Ìdá kan nínú mẹ́rin á di pisifera, èyí tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í so èso tó gbó.

Èmi àti ọkọ mi ra ọmọ ọ̀pẹ lọ́wọ́ ẹnìkan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní láti ibùdó ni wọ́n ti wá. A gbìn wọ́n, a ro oko, a fi ajílẹ̀ sí i. Ọmọ ọ̀pẹ kì í sọ irú ẹni tó jẹ́ nígbà tó bá wà nínú ọ̀rá, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ọdún kẹrin ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àwọn kan lára wọn so ẹyìn tó jẹ́ kìkì èésan, òmíràn yọ ìdì, ìdì náà sì jẹrà. Mo dúró nínú oko yẹn, mo ń bínú sí ọkùnrin náà, àfi bí mo ṣe rántí agolo mi. Irọ́ tirẹ̀ gba ọdún mẹ́rin kó tó fojú hàn. Tèmi gba ogún ọdún, ọmọdé ló sì rí i.

Ohun kejì tí oko yẹn kọ́ mi le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé nítorí pé abẹ́ igi rere ni àwọn ọmọ wa bọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá nínú ẹgbẹ́ akọrin, igi rere ni wọ́n máa dà fúnra wọn. Àwọn tó ń pèsè irúgbìn ọ̀pẹ kò fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gun igi lọ fi àpò bo òdòdó abo kó tó là, kí ohunkóhun má bàa fẹ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ tí wọ́n ti yàn wá bá a. Igi kan lẹ́yìn èkejì, lọ́wọ́lọ́wọ́. Èmi kò tíì fi ìdajì irú aápọn yẹn tọ́ ọmọ kankan.

Jacob Kehinde Coker ṣe é. Àgbẹ̀ kòkó ni, ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége, ó sì wà lára àwọn tó dá African Church sílẹ̀ ní Èkó ní 1901. Àwọn tó wá ṣe lébìrà lóko rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, wọ́n ń gbọ́ ìyìn rere níbẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n bá sì ń padà sílé, wọ́n ń kó méjèèjì lọ. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti rí i bó ṣe ń ṣe.

Ọmọkùnrin mi àgbà kò tíì gbà pẹ̀lú mi. Ó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, lẹ́bàá ọ̀nà Sakété, ó ní òwò kò sí fún ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n pé. Mo rán an létí obìnrin Ìdí-Ìrókò tó gba àgbàdo àwìn lọ́wọ́ mi kí Nàìjíríà tó ti ààlà lóṣù Kẹjọ ọdún 2019. Wọn kò ṣí ti Ìdí-Ìrókò títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Náírà ti já, ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà, síbẹ̀ iye sẹ́fà tí a jọ sọ ló kó wá fún mi. Ọmọ mi kọ́ Faransé ju mi lọ, òun ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní crédit, inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí "gbàgbọ́" ló ti wá. Ó sọ ọ́, ó sì dákẹ́. Mo ń gbàdúrà lórí ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ ti parí ìṣirò. Ó ní a ò lè mọ gbogbo ẹni tí a jẹ ní gbèsè, nítorí náà, oníbàárà àtijọ́ tí a bá ṣì dá mọ̀, kí á bu ẹ̀kúnwọ́ mẹ́rin lé tirẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ìyá àgbà kan láti Sakété na abọ́ rẹ̀, ọmọ mi wọn agolo kún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún un, ó ní èènì tirẹ̀ pọ̀ ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Ọmọ náà ní, "Ìyá àgbà, kì í ṣe èènì o. Gbèsè ni."

Ìyá àgbà wo ojú mi, ó ní, "Gbèsè kí ni?" Mo gbé àpótí fún un pé kó jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.