Àwọn Tí Ogun Hítílà Kò Dá Padà

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, Ààrẹ Nàìjíríà a máa fi òdòdó sí ìdí ibojì Ọmọ-Ogun Àìmọ̀ ní Àbújá, wọn a yìnbọn, wọn a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ kọkànlá oṣù Bélú ni ayẹyẹ náà ń bọ́ sí, nítorí àwọn tó bá ogun àgbáyé lọ. Ogun abẹ́lé tó parí ní 1970 ló mú kí ìjọba gbé e wá sí oṣù Ṣẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn tó lọ sí ogun Hítílà ti ń jìnnà sí ẹnu wa.

Ọ̀fà ló yẹ kó gbàgbé wọn gbẹ̀yìn. Ìtàn ẹnu sọ pé ọmọ Ọ̀fà ni Mọremí, tó fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn nítorí ogun tó ń da Ifẹ̀ láàmú. A ń yin ìyá náà títí dòní. Ta ló ń bèèrè bó ti rí lára rẹ̀ nígbà tó padà délé, tí kò sí òkú tí yóò sin?

Ní 1943 àti 1944, Gẹ̀ẹ́sì kó ẹ̀ka ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin, lọ sí Bọ́mà láti bá Japan jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní àfonífojì Kaladan, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ láti òkè, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Ẹni tó bá kú, etí ọ̀nà ni wọn yóò sin ín sí kíákíá, kí òjò àti igbó tó bo ojú ibẹ̀.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta bà á lẹ́sẹ̀ àti ní ikùn; ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú sójú rẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló fi òun àti David Kagbo, ọmọ Sàró, pamọ́ fún nǹkan bí oṣù 9. Isaac padà wálé, ó kọ ìwé nípa ohun tó rí, ó sì gbé ayé títí di 2012. Àwọn tó kú sí etí odò yẹn kò ní ẹnu tí wọn yóò fi ròyìn.

Nílẹ̀ wa, bí òkú àjò kò bá ṣeé gbé wálé, wọn a gé irun àti èékánná rẹ̀ wá fún ìsìnkú. Ní Ọ̀wọ̀ gan-an, wọn a máa gbẹ́ ère àkó tó jọ olóògbé, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ bí ẹni pé alààyè ni. Síbẹ̀, ní 1923, gómìnà Gold Coast, Gordon Guggisberg, sọ pé gbáàtúù ọmọ ilẹ̀ náà kò ní mọ iyì òkúta orí ibojì. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ ogun àgbáyé kìíní ni, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ibojì ogun Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2021 pé ó kéré tán òkú 116,000, tó pọ̀ jù nínú wọn láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni a kò fi orúkọ rántí tàbí tí a kò rántí rárá.

Ti Bọ́mà sàn díẹ̀. Ní Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Yangon, òpó òkúta wà tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 27,000 èèyàn sí, gbogbo wọn tí a kò mọ ibojì wọn. Ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn. Ìṣòro tó kù ni pé àwọn akọ̀wé ológun a máa kọ orúkọ àbísọ àti orúkọ ìlú nìkan fún ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè Ọya. Ìlú á wá di orúkọ bàbá. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé a kò rí ọmọ rẹ̀ kò lè sunkún tán, kò sì lè yé wo ọ̀nà. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá tilẹ̀ dé Taukkyan lónìí, tó rí orúkọ kan tí ìlú rẹ̀ tẹ̀lé e, ta ni yóò sọ fún un pé ẹni tirẹ̀ ni?